Àwo Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Sídíkátù Lù

Ẹ má fi Mojí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló di ẹrù náà. Ọlọ́kadà tó gbé e wá ti lọ, nọ́ńbà tí ẹ sì ń pè láti àárọ̀, ẹnìkan kò gbé e. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ fa àga yẹn kúrò nínú oòrùn, kí ẹ súnmọ́ mi, nítorí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ojú nìkan lẹ fi ń ra ọjà. Ẹ rí àwòrán lórí fóònù, ẹ sanwó, ẹ wá jókòó ti ẹnu ọ̀nà bí ẹni ń retí àlejò tí kò mọ̀ rí. N kò bá yín jà. Ayé tó bá kan ẹni lẹni ń jẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí páálí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ pa yíká, tí ẹni tó rà á kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ara mi kì í balẹ̀. Ẹ ti bi mí nídìí rẹ̀ rí, mo ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà.

Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mo ti ṣiṣẹ́, ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Yábàá ló wà, kò jìnnà sí Tẹ́júoṣó. Ó ní ẹ̀ka ní Sùúrùlérè, ó ní ní Ìkẹjà, ó tún ní ní Ìbàdàn. Ẹ kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, nítorí àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ọmọ láyé, wọn kò sì ṣẹ̀ mí nígbà ayé wọn. Ilé alájà mẹ́ta ni. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè rí eyín ara rẹ nínú rẹ̀. Àgùdà ni mò ń gbé nígbà náà. N ó wọ bọ́ọ̀sì dé Ojúẹlẹ́gba, n ó fẹsẹ̀ rin ìyókù, nítorí mo fẹ́ tún táì mi ṣe lọ́rùn kí n tó débẹ̀. Ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo wa á ti tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn irin ńlá ni, ó ń ká sókè ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká, gbàrà-gàrà-gàrà, àwọn oníbàárà tó ti dúró níta á dákẹ́, bí ìgbà tí aṣọ bá ń ṣí lójú eégún. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà" láti òpin kan dé èkejì. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ kíkí yẹn fún wa. Ṣé ó yẹ kí wọ́n pa á láṣẹ kí èèyàn tó kí ẹni tó wọlé rẹ̀?

Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Lónìí ẹ ti rí i títí ó ti sú yín, ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn èèyàn ń wá láti Múṣin àti Ṣómólú kí wọ́n kàn lè gùn ún, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Ìyá kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tiwa, ó wá tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ó rí bí ilẹ̀ ṣe ń dán, ó ní òun kò lè fi ìdọ̀tí ẹsẹ̀ òun ba ilé onílé jẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rọra tò ó sí ìdí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn gbé bàtà, ó di òkè. Ìyá dúró nísàlẹ̀, ó ń wo bàtà méjèèjì bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, bàtà mi ti ń lọ. Ṣé kí n dúró dè é ni, àbí kí n bá a lọ?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi rẹ́rìn-ín. Ẹ rí i, a máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán wa níṣẹ́ ẹ̀rín.

Tí Kérésì bá ń bọ̀, àwọn ọmọdé á tò láti inú ṣọ́ọ̀bù dé ojú títì, wọ́n fẹ́ wọ inú ihò tí a fi páálí àti òwú kọ́ fún Bàbá Kérésì. Káfíńtà wa ló ń ṣe Bàbá Kérésì, Mùsùlùmí ni, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kò mọ̀ pé òun ni. Tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá oníṣòwò láti Múṣin á dé, wọ́n á máa wá abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń pín ẹran, àti àwo tí wọn yóò fi gbé oúnjẹ fún àlejò. Ìgbà yẹn ni ẹ̀ka tèmi máa ń kún. Àwo ni mò ń tà. Àwo tánńganran, ife, kete tí wọ́n fi ń po tíì, gbogbo ohun tó lè fọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra àwo nínú páálí kí ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní oníbàárà gbọ́dọ̀ fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. A ó ṣí páálí, a ó mú àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gbé e ka orí ìka mẹ́ta, báyìí, kí ọwọ́ má baà di ohùn rẹ̀, a ó wá fi oríkèé ìka kàn án létí. Àwo tó yè á ké, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó tán. Àwo tó ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán, á kàn sọ pé "kọ́", á dákẹ́. Ọ̀gá á ní, "Ẹ gbọ́ ọ? Èyí ń purọ́." Á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, tí àwa mẹ́rin ń lu àwo fún oníbàárà mẹ́rin, ẹ ó rò pé òjò ló ń kán lé páànù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ á mọ̀ pé ọjà ń lọ lókè. Lẹ́yìn tí ọ̀gá fẹ̀yìntì, èmi ni mo jókòó sí àyè rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn àwo bíi Sídíkátù. Ọmọ Múṣin àtijọ́ ni, inú agboolé àwọn tó ń rán fìlà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ló ń rán èyí tí àwọn àlùfáà àdúgbò ń dé. Ọmọdé ni nígbà tó wọṣẹ́, kò tíì ju ogún ọdún lọ púpọ̀. Ó lè kẹ̀yìn sí ẹ, kó máa bá oníbàárà mìíràn sọ̀rọ̀, kó gbọ́ àwo tí ìwọ ń lù, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tà á nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀kùn tó ká sókè, á bu omi sínú kete ike, á fi akísà tútù nu gbogbo páálí tó wà lórí pẹpẹ, ẹ̀yìn rẹ̀, iwájú rẹ̀, ìdí rẹ̀. Mo ní kí ló ń nu ìdí páálí sí, ta ni yóò rí i. Ó ní, "Ẹni tó bá gbé e sókè ni, Ẹ̀gbọ́n."

Nǹkan kì í dédé bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ń bàjẹ́ bí eyín ṣe ń mì, ahọ́n ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Àwọn tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kú, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọjà òkè òkun wọ́n, ohun tí a ń tà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Tẹ́júoṣó, owó pọ́ọ́kú sì ni níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ń rìn dúró lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe, ó wá di àtẹ̀gùn lásán. Wọ́n pa iná apá kan, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà máa lo ti apá kejì. Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. A ń làágùn nínú táì. Ọ̀sán kì í pọ́n kí a tó jókòó lẹ́yìn sítọ̀ọ̀, a ó máa rojọ́. Ẹnìkan á ní òun ti kọ̀wé síbòmíràn. Ẹlòmíràn á ní ta ló fẹ́ gba ẹni tó ti ń hewú. Inú ń bí wa, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìbínú ẹni tí kò ríbi lọ, inú rẹ̀ náà ló ń gbé.

Nígbà náà ni wọ́n rán máníjà tuntun wá láti hẹ́dọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé. Ọjọ́ kìíní tó dé, ó kó gbogbo wa jọ, ó ní ohun tó ń lé oníbàárà ni pé ojú wa le. Ó ní kí a máa rẹ́rìn-ín. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, ó ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sídíkátù dúró níwájú pẹpẹ tó ti ṣófo, ó la eyín sí i títí. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ní ká ṣe ni mò ń ṣe. Pẹpẹ yìí nìkan ni kò tíì lọ ra ọjà ní Tẹ́júoṣó."

Pẹpẹ tó ṣófo yẹn ló bí ọ̀rọ̀. Máníjà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn kan fẹ́ wá wo ṣọ́ọ̀bù bóyá wọn yóò rà á, bí wọ́n bá rí pẹpẹ tó ṣófo, wọn yóò padà lọ, iṣẹ́ gbogbo wa á sì parí. Ó ní kí n kó páálí àwo àtijọ́ tó wà ní sítọ̀ọ̀ jáde, kí n di àfọ́kù sínú wọn, kí n fi ìwé ìròyìn ká a kó má baà dún, kí n lẹ̀ ẹ́ pa, kí n tò ó sókè. Àfọ́kù kò wọ́n wa. Ọdún mélòó ni a ti ń kó àwo tó fọ́ jọ síbẹ̀. Ó ní èmi tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka nìkan ni kí n mọ̀. Kí n má sọ fún àwọn obìnrin, nítorí ẹnu wọn.

Mo ṣe é. N kò ní purọ́ fún yín, mo tilẹ̀ ṣe é dáadáa. Mo wọn àfọ́kù lọ́wọ́ títí páálí kọ̀ọ̀kan fi wúwo tó èyí tó ní àwo. Mo kó ojúlówó síwájú, mo kó àdàmọ̀dì sẹ́yìn àti sókè. Kí n lè dá wọn mọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì kékeré sí ìdí páálí àdàmọ̀dì kọ̀ọ̀kan, ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Nígbà tí mo tò ó tán, mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, pẹpẹ mi kún bí ìgbà Iléyá, inú mi sì dùn díẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èmi tí mo mọ òwe yìí ni mo ń po itọ́.

Lẹ́yìn èyí ni máníjà lẹ òfin mìíràn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí páálí níwájú oníbàárà mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní òkè òkun. Inú Sídíkátù ru. Ó ní ta ni yóò ra àwo tí kò gbóhùn rẹ̀. Ó bi mí lójúkojú, kí ni wọ́n ń fi pamọ́. Mo dá a lóhùn pé òfin ni òfin. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti lù ú o, Ẹ̀gbọ́n." Mo yíjú sí ibòmíràn.

Mọ́ńdè kan báyìí, wọ́n rán mi lọ sí Ìdó, pé ẹrù kan ń bá ọkọ̀ bọ̀ láti òkè Ọya. Mo dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ẹrù kò dé. Lọ́jọ́ kejì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rí i pé ìlà àkọ́kọ́ lórí pẹpẹ ti lọ, wọ́n ti fa ti ẹ̀yìn síwájú. Sídíkátù fi ayọ̀ sọ fún mi pé ìyá kan láti Àgùdà wá ra páálí mẹ́fà fún ẹrù ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mo mọ ìyá náà, òpópónà méjì ló wà láàrin ilé wa. Sídíkátù ní òun fẹ́ ṣí i, òun fẹ́ lù ú fún ìyá náà, páálí àkọ́kọ́ ti wà lórí káńtà, ṣùgbọ́n máníjà dúró sí ẹ̀gbẹ́ òun, ó di ọwọ́ òun mú. Mo gbé páálí kan lórí pẹpẹ, mo yí ìdí rẹ̀ sókè. Kò sí ṣọ́ọ̀kì. Mo gbé òmíràn. Kò sí. Gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Mọ́ńdè ni àná, Sídíkátù ti nu ìdí wọn, ibi tó sì tún tò wọ́n sí kì í ṣe ibi tí mo tò wọ́n sí.

N kò lè mọ èyí tó jẹ́ àwo, n kò lè mọ èyí tó jẹ́ àfọ́kù. Bí mo ṣe wọ̀n wọ́n tó nìyẹn.

Túsìdeè nìyẹn. Sátidé ni ìgbéyàwó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi. Alaalẹ́ ni mò ń kọjá níwájú ilé ìyá náà bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo rí i tí wọ́n ń ta tápólì. Mo rí i tí wọ́n ń kó àga wọlé. Ká ní mo kàn yà, ká ní mo sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tú páálí yẹn wò," ọ̀rọ̀ á ti parí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, àṣírí máníjà á tú, àwọn tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù á gbọ́, wọ́n á lé mi. Ìyá àgbà yín kò lera nígbà náà, bàbá yín sì wà ní yunifásítì. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá mẹ́fà tó gbé jẹ́ ojúlówó. Mo sọ ọ́ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Márùn-ún jẹ́ ojúlówó.

Ní Mọ́ńdè, ìyá náà dé, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Páálí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé e ka orí káńtà, ó ṣí i, ó yọ ìwé ìròyìn kúrò, ó sì ń to àfọ́kù náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to oúnjẹ. Ó ní àwọn ìyàwó ilé ọkọ ọmọ òun ló pé lé e lórí, pé kí àwọn bá ìyàwó tuntun tú ẹrù. Páálí yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ó ní àgbà kan níbẹ̀ kàn dìde, ó jáde. Ó wá gbójú sókè, ó ní:

"Àfọ́kù lẹ dì fún ọmọ mi lọ sílé ọkọ. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pé jọ. Máníjà dé. Kò wo ojú mi. Ó béèrè ta ló ta ọjà náà. Sídíkátù ní òun ni. Máníjà ní ṣé kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀ ni àfọ́kù ti ń jáde. Sídíkátù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ó ti hàn, pé Sídíkátù ń kó àwo gidi lọ sílé, ó ń fi àfọ́kù dípò rẹ̀, ó sì ń lẹ páálí pa. Mo rí i pé ó ti ní èsì yẹn nílẹ̀ tipẹ́. Sídíkátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ó wo páálí, ó wo bí wọ́n ṣe ká ìwé ìròyìn, ká lẹ́ẹ̀mejì, kí etí rẹ̀ wọ inú, bí ọ̀gá mi àtijọ́ ṣe kọ́ mi, tí èmi náà sì kọ́ ọ. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbogbo ojú wá sára mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà yẹn. Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé:

"Mo wà ní Ìdó lọ́jọ́ náà."

Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. N kò tíì pa irọ́ tó tó o láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Sídíkátù kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo wa, wọ́n rí kúláà oúnjẹ, aṣọ ìrun, àti fìlà kan tí kò tíì rán tán. Wọ́n ní kó máa lọ. Ẹ̀yìn ni àwa òṣìṣẹ́ máa ń gbà jáde, òfin ibẹ̀ ni. Ó rìn gba àárín gbọ̀ngàn, ó gba ẹnu ọ̀nà àwọn oníbàárà jáde, orí rẹ̀ gún, kò sì sí ẹni tó dá a dúró.

Àwọn tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù wá lóòótọ́. Wọ́n wò yíká, wọ́n ní àwọn á padà wá. Wọn kò padà. Kò pé oṣù márùn-ún tí ilẹ̀kùn irin náà wá sílẹ̀, tí kò sì ká sókè mọ́. Oṣù márùn-ún ni mo rà. Lónìí, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè, ibi tí a ti ń lu àwo ni àwọn akọrin ń dúró sí. Àwa òṣìṣẹ́ fọ́nká bí ẹ̀pà tó dà sílẹ̀. Oníkálukú sì gbé ìtàn Sídíkátù lọ sílé: ọmọ Múṣin kan wà lọ́dọ̀ wa, oníjìbìtì ni, ó ń jalè, ó di àfọ́kù fún ìyàwó. Ìtàn náà dé Múṣin. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra fìlà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó dé ibi méjì tó wáṣẹ́ lọ lẹ́yìn náà. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tí wọ́n ń wí yẹn, ẹsẹ̀ ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ fi rìn.

Ó pẹ́ kí n tó lọ. Ìyá àgbà yín ti kú, n kò ní nǹkan tí mo tún lè sọ pé mò ń dáàbò bò. Mo bá Sídíkátù nínú agboolé wọn ní Múṣin, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀. Bàbá wọn ti lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi àgbàlagbà, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àfọ́kù dé orí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó wọlé, n kò mọ̀ bóyá kó má baà lù mí ni. Sídíkátù ń rán fìlà rẹ̀ lọ. Ó rán an yípo tán kó tó dá ẹ̀rọ dúró.

Ó ní, "Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ta ló tún ń ká bébà bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò ṣòro, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kí n máa sọ ìtàn náà fún, òun kò fìgbà kankan rò pé òun jalè. Ó wá ka orúkọ àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà fún mi, orúkọ mẹ́tàdínlógójì, kò fi ẹnìkan sílẹ̀, ó sọ ibi tí oníkálukú dúró sí. Ó ní, "Ẹ lọ wá wọn. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi yìí. Tẹ́ ẹ bá sọ fún gbogbo wọn tán, ẹ padà wá jókòó, màá gbé omi fún yín." Nígbà náà ni mo rí i pé kò fi omi lọ̀ mí, Sídíkátù tó jẹ́ pé oníbàárà tó bá ń làágùn, òun ló ń kọ́kọ́ gbé omi fún.

Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà náà nìyẹn. Ẹ rò pé mo fẹ́ràn ìrìn àjò. Ìyá Àgùdà ni mo kọ́kọ́ lọ bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára mẹ́tàdínlógójì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́nu ọ̀nà, ó ní títí di òní, bí ìjà bá dé nílé ọkọ ọmọ òun, "Ìyàwó Àfọ́kù" ni wọ́n ń pè é. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rí káfíńtà tó ń ṣe Bàbá Kérésì, ó sunkún. Mo rí ẹnìkan ní Ìbàdàn tó ní òun ti gbàgbé, mo ní kó máa rántí. Mo ti rí mọ́kàndínlógún. Mẹ́fà ti kú, mo lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn kan nínú wọn wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé. Ó ku méjìlá. Orúnkún mi kò sì gbà mọ́. Láti ọdún tó kọjá, n kò tíì kọjá Ojúẹlẹ́gba.

Ẹ sọ fún mi pé fóònù yín lè wá èèyàn, pé ẹni tó wà ní Kánádà pàápàá, ẹ lè rí ojú rẹ̀. Ẹ gbé e jáde. Mojí, nu ojú rẹ, mú bíírò, èmi á máa pe orúkọ, ìwọ á máa kọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ni Gọdíwìn, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn oníbàárà, Ṣápẹ̀lẹ̀ ni ìlú rẹ̀, àpá kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, yóò béèrè bí ara mi ṣe le sí. Ẹ má tíì dá a lóhùn ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé Sídíkátù kò jalè.